Okùn Gígùn Tí Hermann Staudinger Rí

Ẹ gbé omi kaná, ẹ po ògì sí i díẹ̀, ẹ máa rò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi funfun lásán ni, ó ń yí ọmọrogùn ká láìní ìwúwo. Kí ó tó hó dáadáa, ọwọ́ tó ń rò ó á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i: ó ti ń ki. Láìpẹ́, ọmọrogùn á máa fa ipa lẹ́yìn ara rẹ̀, ẹ̀kọ ti dé nìyẹn. Ẹ wá wọn ṣúgà tó tó ògì yẹn, ẹ dà á sínú omi tó tó ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì sè é bákan náà. Omi ṣúgà ni yóò ṣì jẹ́, á máa ṣàn bí omi òjò. Bẹ́ẹ̀, tí onímọ̀ kẹ́mísìrì bá tú sítáàṣì inú ògì palẹ̀, ṣúgà ni òun náà yóò bá níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní gúlúkóòsì.

Bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ ló mú ìyàtọ̀ wá. Nínú sítáàṣì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún gúlúkóòsì ló di ara wọn mú, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí òwú. Tí ooru bá tú hóró sítáàṣì, àwọn okùn yẹn á nà jáde sínú omi, wọ́n á dí ara wọn lọ́nà, omi náà ò sì ní ráyè ṣàn geere mọ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè sọ èyí lónìí, kí olùkọ́ sì yìn ín. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá sọ ọ́ ní gbangba fi orúkọ rere ara rẹ̀ wewu. Hermann Staudinger, ará Jámánì, ló sọ ọ́, tó sì dúró tì í fún ọdún mẹ́wàá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì rìn jìnnà kọjá ibi tí òun fúnra rẹ̀ dé.

Ìlú Worms, létí odò Rhine, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1881. Ewéko ló fà á lọ́kàn mọ́ra láti kékeré, ìmọ̀ ewéko ló sì fẹ́ lọ kọ́. Bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó tún jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ló gbà á níyànjú pé kó kọ́kọ́ kọ́ kẹ́mísìrì ná, kí ohun tó ń lọ nínú ewé àti igi lè túbọ̀ yé e. Ọmọ gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Halle ní 1903. Ní Strasbourg, ó ṣàwárí ẹ̀yà kẹ́míkà kan tí wọ́n sọ ní ketene, èyí tí kì í pẹ́ rárá kó tó bá ohun tó bá kàn dàpọ̀. Ó dé Karlsruhe ní 1907. Nígbà tó di 1912, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá tó wà ní Zürich, lórílẹ̀-èdè Switzerland, pè é wá rọ́pò Richard Willstätter. Ẹni tí wọ́n bá pè sí irú àga bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ kékeré nínú iṣẹ́ náà.

Ní Zürich, kò sí ohun tí kò fọwọ́ kàn. Òun àti Leopold Ružička wá ìdí ohun tó wà nínú òdòdó pyrethrum tó fi ń pa kòkòrò. Àwọn oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín sílé lónìí, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìbátan kẹ́míkà yẹn. Òun àti Tadeus Reichstein tú òórùn kọfí palẹ̀ láti mọ ohun tó para pọ̀ di òórùn náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní mú kí ata dúdú òkè òkun wọ́n, ó ṣe ohun tó ń ta lẹ́nu bíi tirẹ̀. Ružička gba ẹ̀bùn Nobel ní 1939, Reichstein sì gba tirẹ̀ ní 1950. Ọmọ abẹ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì sì gbà á ṣáájú ọ̀gá wọn. Ẹni tó bá wo ọkùnrin yìí ní ọdún 1919 á rí i pé ó ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni ń fẹ́ dé. Ó kù kó jókòó jẹun. Rọ́bà ni kò jẹ́ kó jókòó.

Àwa náà mọ rọ́bà. Kí igi rọ́bà ti Brazil tó gbilẹ̀ nílẹ̀ wa, ìrẹ́ wà nínú igbó Yorùbá. Láàárín ọdún 1890 sí 1899, oje ìrẹ́ di òwò ńlá ní Èkó, àwọn òyìnbó sì so orúkọ igi náà mọ́ Èkó. Wọ́n ṣá a léèpo ṣá a léèpo títí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi kú sórí ìdúró. Ẹni tó bá ti rí oje yìí rí mọ̀ pé bí wàrà ló ṣe ń sun láti ojú ọgbẹ́ igi. Ẹ po ásíìdì díẹ̀ mọ́ ọn, á dì, á di ohun tó ṣeé fà, tó ṣeé tẹ̀, tó sì ń padà sí bó ṣe wà. Àwọn onímọ̀ ti tú u palẹ̀, wọ́n bá isoprene nínú rẹ̀: káábọ̀nù márùn-ún, háídírójìn mẹ́jọ. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni isoprene, ìwọ̀n ooru 34 ló ń hó, ọ̀sán Ìbàdàn lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sè é. Báwo ni irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe di táyà?

Ìdáhùn tó gbilẹ̀ nígbà náà ni pé mólékù kéékèèké ni wọ́n, tó kó ara jọ. Ẹ ro abọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan tí wọ́n da oyin sí. Ìlẹ̀kẹ̀ náà á lẹ̀ mọ́ra, ẹ lè gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí òkúta, síbẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Carl Harries, àgbà nínú ìmọ̀ rọ́bà, gbà pé òrùka kékeré ni mólékù rọ́bà, àti pé agbára díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára wọn ló ń so wọ́n mọ́ra. Kí a má fi àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe aláìmọ̀kan. Ohun mímọ́ gaara tó ń dì bí hóró iyọ̀, tí gbogbo mólékù rẹ̀ dọ́gba, ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ wọn, òun náà ló sì gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé. Rọ́bà kò dì bẹ́ẹ̀ fún wọn, kò ṣeé sè kó di ooru, kò sì ṣeé wọ̀n dáadáa. Lójú wọn, ohun tí kò tíì mọ́ ni. Ẹ fọ̀ ọ́ sí i, ẹ óò bá mólékù kékeré nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ní 1920, Staudinger gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì Jámánì. Kò sí oyin, ni ó wí. Òwú ló wà níbẹ̀. Ìdè tó so isoprene kan mọ́ èkejì kò yàtọ̀ sí ìdè tó wà nínú mólékù èyíkéyìí mìíràn, ó sì lè so wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọn ó fi pọ̀ rẹpẹtẹ. Mólékù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni bó ṣe dán ọ̀rọ̀ náà wò. Tó bá jẹ́ pé oyin ló lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ra, kí la máa ṣe? A ó da omi gbígbóná sí i. Bí oyin bá ti wẹ̀ kúrò, ìlẹ̀kẹ̀ á fọ́n ká. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé wọ́n sín in ni, ẹ wẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀la, gbọọrọ ni ẹ óò bá a. Àwọn tó ń tako Staudinger ní inú ìdè onílọ̀ọ́po méjì tó wà lára rọ́bà ni agbára tó ṣẹ́ kù yẹn ti ń wá. Háídírójìn sì máa ń wọ inú irú ìdè bẹ́ẹ̀, á dí i pa. Staudinger àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Jakob Fritschi, fi háídírójìn bọ́ rọ́bà títí ó fi yó. Bí ti Harries bá jẹ́ òótọ́, omi kékeré kan tó ṣeé sè jáde ló yẹ kí wọ́n bá. Wọn ò bá a. Ohun tó wà nínú ìgò ṣì ń ki nínú omi tí wọ́n fi yọ́ ọ, kò hó lọ, ìwà rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti rọ́bà. Òwú náà ò já. Nínú ìwé tí wọ́n fi ròyìn iṣẹ́ yìí ní 1922 ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde: mólékù ńlá, tí wọ́n ń pè ní Makromolekül lédè Jámánì.

Ó rọrùn láti rò pé lẹ́yìn irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹnu á pa mọ́. Wọn ò pa mọ́. Heinrich Wieland, tí Staudinger wá gba ipò rẹ̀ ní Yunifásítì Freiburg ní 1926, tí òun fúnra rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Nobel, gbà á níyànjú gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ pé kó pa ọ̀rọ̀ mólékù ńlá tì. Kó fọ rọ́bà rẹ̀ mọ́ dáadáa, á sì rí i pé ohun kékeré ni. Nígbà tó ń dágbére fún àwọn ará Zürich, ìjókòó ẹgbẹ́ kẹ́mísìrì wọn gbóná débi pé àwọn àgbà dìde sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ya àwòrán X-ray sọ pé ààlà kékeré tí àwọn ń rí nínú òwú àti rọ́bà kò lè gba mólékù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1926, ní àpérò Düsseldorf, àwọn olùbánisọ̀rọ̀ tako ara wọn lórí pèpéle kan náà, Staudinger sì fi iṣẹ́ ọdún mẹ́fà lélẹ̀ níwájú wọn. Hermann Mark, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ X-ray dáadáa, ló là wọ́n lójú pé mólékù kan lè gùn kọjá ààlà tí X-ray ń fi hàn, kó wọ inú èkejì, kó wọ inú ẹ̀kẹta. Láti ìgbà yẹn, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn alátakò.

Síbẹ̀, ó kù kí Staudinger wọn gígùn okùn náà. Ní Uppsala, ní Sweden, Theodor Svedberg ní ẹ̀rọ kan tó ń fi nǹkan yí bírí ní eré tó burú, tó sì ń fi bí mólékù ṣe ń rì mọ ìwúwo rẹ̀. Staudinger wá owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò rí i. Ó wá padà sídìí ohun tí ìyá ẹlẹ́kọ ti mọ̀ tipẹ́: kíki. Ó ń yọ́ ohun tó fẹ́ wọn nínú omi, á jẹ́ kó ṣàn gba inú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá, á fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà. Bí okùn bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Ní 1930, ó gbé òfin kan kalẹ̀ tó so kíki mọ́ ìwúwo mólékù. Ọ̀pá gíláàsì àti aago, irinṣẹ́ tí yàrá ìwádìí tálákà jù lọ lè ní, ló fi ṣe é, wọ́n sì ṣì ń fi irú ọ̀nà yìí wọn mólékù ńlá ní yunifásítì káàkiri ayé títí di òní, pẹ̀lú àtúnṣe tí Mark àti onímọ̀ mìíràn, Houwink, ṣe sí i.

Àtúnṣe ọ̀hún ṣe pàtàkì, torí pé Staudinger ṣìnà níbì kan. Ó gbà pé okùn rẹ̀ le, pé ó nà gbọọrọ bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Werner Kuhn, Eugene Guth àti Mark sọ pé rárá, ó rọ̀ bí òwú, ó máa ń ká jọ, ó máa ń ta jù sọ́tùn-ún sósì láìdúró. Àwọn ló jàre. Ẹ mú rọ́bà tí àwọn ọlọ́jà fi ń di owó, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan náà títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kí ẹ sì yára fi kan ètè: ẹ óò mọ̀ ọ́n lára pé ó ti gbóná díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi nínà bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá dẹ ẹ́, kí ẹ tún fi kan ètè: ó ti tutù. Òwú tó ká jọ lẹ fi ipá nà, ó sì ń wá ọ̀nà láti padà ká jọ. Ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí pé ó pẹ́ kí Staudinger tó gba èyí, àti pé ó bá Mark, ẹni tó ti gbè é lẹ́yìn, fa ọ̀rọ̀ náà kọjá bó ṣe yẹ. Ipá tó fi dúró lójú ogun ọdún 1926 kan náà ni kò jẹ́ kó tètè yí padà.

Nígbà tí wọ́n ń jà ní Jámánì, Wallace Carothers ní Amẹ́ríkà mú ọ̀nà mìíràn. Láti 1928, nínú iléeṣẹ́ DuPont, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín ìlẹ̀kẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ìdè tí gbogbo onímọ̀ mọ̀, débi pé kò sẹ́ni tó lè jiyàn ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀. Ní 1935, ọwọ́ rẹ̀ ba láílọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà, àríyànjiyàn mólékù ńlá kò tún ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Ilé Staudinger fúnra rẹ̀ kò rọgbọ nígbà yẹn. Ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ti kọ̀wé tako ogun láti Switzerland, ó ní agbára ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá Jámánì pọ̀ jù, pé ìpakúpa lásán ló kù. Àwọn ará ilé kò gbàgbé. Ní 1933, Martin Heidegger, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tí gbogbo ayé mọ̀, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Freiburg lábẹ́ ìjọba Nazi, fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn lórí ọ̀rọ̀ ọdún 1917 yẹn. Àwọn ọlọ́pàá inú pè é, wọ́n mú un kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, wọ́n fi ìwé náà pamọ́ sórí rẹ̀ bí idà. Kò pàdánù iṣẹ́ náà níkẹyìn. Ní 1940, ó sọ apá kan yunifásítì náà di ilé ìwádìí fún mólékù ńlá nìkan. Ní oṣù Kọkànlá 1944, bọ́ǹbù ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, láàárín àlàpà, ó bẹ̀rẹ̀ jọ́nà Die Makromolekulare Chemie.

Ìyàwó rẹ̀, Magda, tí orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Woit, wá láti Latvia, ìmọ̀ ewéko ló sì kọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1928. Magda jókòó sídìí máíkírósíkóòpù, orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Staudinger ti padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: ewé, igi, ohun ẹlẹ́mìí. Ní 1947, ó gbé ìwé kan jáde tó so mólékù ńlá mọ́ ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí.

Ibo ni ọwọ́ rẹ̀ dé? Ẹ wo ọjà kan. Ike tí wọ́n fi ń ta epo, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di iyọ̀, láílọ́ọ̀nù, táyà ọkọ̀, okùn tí wọ́n fi so ẹrù, àti aṣọ òfì, ẹ̀kọ tútù, irun orí, awọ bàtà: orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la fún wọn, ìlẹ̀kẹ̀ sínsín ni gbogbo wọn. Àwọn kan ń fi ọ̀rá tó dí gọ́tà bú àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ́ láti gbọ́. Ọ̀rọ̀ Staudinger náà la fi lè lóye rẹ̀. Ẹ̀kọ tí a gbàgbé sórí tábìlì á kan lọ́jọ́ kejì, torí pé ìdè tó so gúlúkóòsì mọ́ra, àwọn kòkòrò àìfojúrí ní ohun tí wọ́n fi ń gé e. Káábọ̀nù mọ́ káábọ̀nù ni ti ọ̀rá, láti orí dé ìdí, wọn ò sì rí ibi fi eyín sí. Àwọn tó ń wá ọ̀rá tó lè jẹrà lónìí, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tiwọn pẹ̀lú ìdè tó ṣeé gé.

Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé náà jí dìde. Ní 1919, ní Zürich, òun àti Jules Meyer ròyìn bí ẹ̀yà kẹ́míkà kan, azide, ṣe ń bá òmíràn, phosphine, dàpọ̀. Ohun kékeré ni, kò ní í ṣe pẹ̀lú rọ́bà. Ní ọdún 2000, Carolyn Bertozzi àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé e, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi so àmì mọ́ ojú sẹ́ẹ̀lì alààyè láìpa á lára. Wọ́n fi orúkọ Staudinger pe ọ̀nà náà. Bertozzi wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2022.

Lójú tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló gbé ọ̀rọ̀ náà jìnnà jù. Rudolf Signer tẹ̀ lé Staudinger láti Zürich lọ sí Freiburg, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mólékù ńlá títí ó fi wọ̀ ọ́ lára, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Bern. Àwọn tó ń yọ DNA, ohun tó ń gbé àbùdá ohun ẹlẹ́mìí, jáde nígbà náà máa ń gé e wẹ́wẹ́ láìmọ̀, torí pé wọn ò retí okùn. Signer retí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ yọ ọ́, nínú òtútù, láìfi ásíìdì líle tọ́ ọ, ní 1938, òun àti àwọn ará Sweden méjì sì kéde pé ìwúwo mólékù rẹ̀ wà láàárín 500,000 sí 1,000,000. Ní oṣù Karùn-ún 1950, ó gbé gíráàmù 15 dání lọ sí ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pín in fún ẹni tó bá fẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Onímọ̀ kan, Maurice Wilkins, gba díẹ̀. Lára rẹ̀ ni Rosalind Franklin àti Raymond Gosling ti ya àwòrán X-ray DNA tó hàn kedere jù lọ ní 1952. Ní oṣù Kẹrin 1953, ayé mọ bí DNA ṣe rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Staudinger, ẹni ọdún 72, gba ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm.

Kí wọ́n tó ya àwòrán kankan, Wilkins po DNA Signer mọ́ omi, ó di ohun tó ń yọ̀, tó ń fà bí omi ilá. Ó fi ọ̀pá gíláàsì kàn án, ó gbé ọ̀pá náà sókè. Okùn kan tẹ̀ lé e, ó tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn, ó ń gùn, ó ń gùn, kò já.